Omi Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Lọ́jọ́ Àìkú

Ẹ̀rọ náà kì í fọwọ́ kan omi. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn nípa rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn á dúró sórí afárá, á na ẹnu ẹ̀rọ náà sí omi tó wà nísàlẹ̀, á fi ìka fa ohun kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á kùn díẹ̀ bí oyin tó há sínú agolo, nọ́ńbà á sì jáde lójú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ojú omi ṣe ń sáré tó, iye mítà tó ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rédà ni wọ́n ń pè é. Omi kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wo òun. Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé bó ṣe yẹ ká máa wo èèyàn náà nìyẹn, láìfọwọ́ bà á, láìdí i lọ́nà, ká kàn dúró lókè ká mọ bó ṣe ń lọ.

Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó wà lágbègbè Ọ̀tà. Àkókò tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ gíga ń ra ilẹ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀pà ni. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí, kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, géètì gíga ti dúró síbẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ ńlá sí i lára, àwọn ọmọ tó wọ tàì sì ti ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Bàbá mi ti dé Ọ̀tà ṣáájú gbogbo ìyẹn. Láti ẹ̀gbẹ́ Ìwó ló ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sángo, yàrá kan ṣoṣo la sì ń gbé ní Joju, àwa mẹ́fà. Fèrè ilé-iṣẹ́ ló ń jí wa, fèrè ilé-iṣẹ́ náà ló ń sọ fún màmá mi pé kó gbé omi ẹ̀bà kaná. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àlejò ni mí nílùú yìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, bí àlejò ló ṣì í ṣe, ọ̀rọ̀ ò bá tán síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni ẹnjiníà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa omi. Òun ló ra rédà náà wá láti òkè òkun nínú àpótí dúdú kan tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn ọ̀gá mi kì í jẹ́ kó lè tẹ̀ síwájú lórí irin afárá, torí náà èmi ló gbé ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé wọn ò tíì fún mi ní ìwé pé mo ti di òṣìṣẹ́ gidi nígbà yẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé mi ṣe, ọdọọdún ni àyà mi sì ń já.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde, orí afárá kan ní ọ̀nà Joju la dúró sí. Mi ò tíì na ẹ̀rọ sí omi tán tí àwọn ọlọ́kadà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn. Wọ́n ti rò pé àwọn tó ń mú àwọn tó ń sáré lójú títì ti gbé ẹ̀rọ wọn dé. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ èrò tó gbé kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó ń ti ọmọlanke, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, mi ò sáré o." Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin afárá mú.

Mo kọ́ nǹkan méjì nípa omi láti ara ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì tíì gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni pé ojú omi máa ń yára ju ikùn rẹ̀ lọ. Ohun tí rédà rí kì í ṣe gbogbo omi, ojú rẹ̀ nìkan ni, a sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ nínú nọ́ńbà náà ká tó mọ bí omi náà fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ. Èkejì ni pé omi tó bá jọ̀lọ̀ jù, ẹ̀rọ ò ní rí i rárá. Ara omi gbọ́dọ̀ hun díẹ̀, kó ní ìgbì wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rọ tó rí nǹkan dì mú. Tó bá jọ̀lọ̀ bí epo, ìlà kékeré mẹ́ta ni ẹ̀rọ á kọ sójú, bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀. Mo mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ náà.

Lọ́dún kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan ra ilẹ̀ sí òdìkejì odò kékeré kan lẹ́yìn Joju. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ńlá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọjá lórí odò kí mọ́tò tó lè débẹ̀. Èrò wọn ni pé kí wọ́n to ríìngì sínú odò, àwọn ríìngì kọnkéré gbàǹgbà tí omi á máa gba inú wọn kọjá, kí wọ́n wá rọ yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí kí ó di ọ̀nà. Ríìngì mélòó? Ìyẹn ni wọn ò mọ̀. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé wọn wá bá ọ̀gá mi pé kó bá àwọn wọn omi. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ló máa rọ àwọn lọ́rùn, lẹ́yìn ìsìn, torí pé gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì fẹ́ wà níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàdúrà sí i.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá mi sì ń fi ọwọ́ pa ọwọ́. Ó ní omi òjò gan-an la fẹ́, pé ẹni tó bá mọ agbára odò nígbà òjò ti mọ gbogbo agbára rẹ̀. Pákó fífẹ̀ kan wà lórí odò náà tí àwọn ará àdúgbò ń gbà kọjá, àárín rẹ̀ ni mo dúró sí. Ọkùnrin kan láti inú ṣọ́ọ̀ṣì dúró tì mí, ó fi agbòjò bo ẹ̀rọ kí òjò má baà kán sí i. Ọ̀kan lára àwọn tó ń gba èrò síjókòó nínú ìsìn ni, kò sì tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Odindi wákàtí kan ló fi di agbòjò yẹn mú láìpààrọ̀ ọwọ́. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ ṣáà lè wà láàárín wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní lónìí, iṣẹ́ Olúwa nìkan ni òun ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àṣà wọn ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ì báà jẹ́ ìkíni. Wọ́n á sọ ẹrù ọ̀sẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì ní bojú wẹ̀yìn wò ó títí di ọjọ́ kejì. Mùsùlùmí ni wá nílé, ṣùgbọ́n àṣà yẹn wù mí, mo tiẹ̀ jowú wọn díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo na ẹ̀rọ sí omi. Gbogbo rẹ̀ kò ju mítà kan ó lé díẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí bébà tó ti rin, ó ní ríìngì méjì tó, kódà á ṣẹ́ kù. Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà. Nínú láàbù wa, ẹni tó bá di ẹ̀rọ mú ló ń fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè gún régé.

Ìyá kan wà ní bèbè odò lọ́hùn-ún tí kò bá wa pàtẹ́wọ́. Ìyá alápò ni gbogbo Joju ń pè é. Ó máa ń gba àpò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, àpò iyọ̀, àpò ṣúgà, àpò tí wọ́n fi kó ike wá, á fọ̀ wọ́n nínú odò, á sá wọn sórí koríko, á sì tà wọ́n fún àwọn oníyangan àti àwọn alágbàdo. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sómi rárá. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo aáyan wa, ó ń fọ àpò tirẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́, ó ń wò wá. Nígbà tí àwọn tó kù lọ, mo kọjá lórí pákó náà lọ kí i, torí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, èèyàn kì í ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà kó má kí i.

Ó bi mí pé kí la ń fi ìbọn yẹn lé nínú omi. Mo ṣàlàyé fún un, rédà, ríìngì, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fún omi inú àpò kan dànù, ó ní ta ló ní ká wá lónìí.

Mo ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Ọmọ mi," ó ní, "omi yìí kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Ìdí tẹ́ ẹ fi rí mi níbi tí mò ń fọ àpò nìyẹn. Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí fèrè bá dún."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé ìwà ọmọ ilé ẹni. Ó ní láti Sátidé ni omi ti ń fara mọ́lẹ̀, òjò ì báà rọ̀, kì í ga púpọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, pàápàá tí òjò bá rọ̀ ní Sọ́ńdè, omi á dé lójijì bí ẹni tó pẹ́ síbi iṣẹ́. Ó ti gbé àpò rẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó mọ ìwà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ etí rẹ̀. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà nígbà ayé rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló sì yan ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà ni àyè kan wà tí wọ́n ti ro mọ́ tónítóní, kò sí ewéko kan níbẹ̀.

"Tèmi nìyẹn," ó ní. "Nígbà kan, ẹnì kan to búlọ́ọ̀kù sínú odò kó lè máa rí ọ̀nà kọjá. Ní Mọ́ńdè, omi padà sẹ́yìn, ó wọ àgbàlá wa, ó dé ẹsẹ̀ bàbá yìí. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ilé ńlá. Ibi gbígbẹ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi."

Mo padà sílé, mo sì sọ fún ara mi pé arúgbó ni, pé omi òjò ni omi òjò. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, mo sì mọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ò gun igi, orí pákó ni mo wà pẹ̀lú ẹ̀rọ òkè òkun, mi ò sì rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ṣí láàbù ṣáájú gbogbo èèyàn, mo gbé àpótí dúdú náà, mi ò sì sọ fún ọ̀gá mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí mo dé odò, Ìyá alápò ti kó gbogbo àpò rẹ̀ kúrò lórí koríko, ó ti so wọ́n mọ́ ara igi gúáfà. Kò yà á lẹ́nu láti rí mi. Ó ní kí n jókòó.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn páànù àwọn ilé-iṣẹ́, èéfín sì rọra ń gòkè láìyára. Omi mọ́ gaara, ó ń kọjá láàárín òkúta bí ẹni pé kò ní ibi tó ń lọ. Mo rántí odò abúlé wa, bí bàbá mi ṣe máa ń ju èèpo ọsàn sínú rẹ̀ tí á ní kí n sáré tẹ̀ lé e. Fèrè dún. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ń rò pé Ìyá tàn mí jẹ nígbà tí òórùn ọṣẹ kọ́kọ́ dé, ìfófòó funfun tẹ̀ lé e, omi fúnra rẹ̀ wá dé lẹ́yìn wọn láìpariwo. Ó bo àwọn òkúta, ó bo ibi tí Ìyá máa ń kúnlẹ̀ sí, ó ń gòkè lọ síbi gbòǹgbò gúáfà.

Mo na ẹ̀rọ sí i. Ìlà kékeré mẹ́ta. Mo tún nà á. Ìlà mẹ́ta. Epo ló bò ó lójú, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ẹ̀rọ kò sì rí nǹkan kan dì mú. Omi tó fẹ́ gbé ilé lọ wà níwájú mi, ẹ̀rọ ọ̀gá mi sì ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá lọ sídìí igi gúáfà. Ó mú àpò iyọ̀ kan, ó gbá atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó ní kí n lọ dúró sórí pákó kí n máa kà. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí gúáfà dé ibi pákó, ó jẹ́ ogójì ìṣísẹ̀. Ó ju àpò náà sínú omi. Kí n tó ka ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá tán, ó ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Ó tún ju òmíràn. Méjìlá náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ àpò tó yẹ kó tà sódò nítorí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́, ojú omi hun, mo na ẹ̀rọ, ó kùn, ó kọ mítà méjì àbọ̀. Mo ṣe ìṣirò ti àpò lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mítà méjì àbọ̀ náà ló bọ́ sí. Ẹ̀rọ òkè òkun àti àpò iyọ̀ sọ ohun kan náà.

Mo fẹ́ mọ ibi tí omi yẹn ti ń bọ̀. Mo gba etí odò gòkè, mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ kan títí mo fi dé ibi tí ògiri náà là sílẹ̀. Adágún omi kan wà nínú ibẹ̀, ibi tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ àti omi òjò ń gbára jọ sí, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn irin dí ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù dúró síbi táyà irin tí wọ́n ń yí láti fi ṣí ìlẹ̀kùn náà, girísì ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ ìbínú lẹ́nu kí ó tó yíjú sí mi. Ẹni tó fi agbòjò bo ẹ̀rọ mi lánàá ni.

Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Sísítà, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i, mo fi nọ́ńbà ti àná hàn án, mo sì fi ti òwúrọ̀ yẹn hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó wo omi tó ń tú jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mò ń ṣí i," ó ní. "Gbogbo Mọ́ńdè. Lánàá, mo dúró tì yín títí, géètì yìí ò wá sí mi lọ́kàn rárá."

Inú bí mi sí i, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ló ti sọ táyà yẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kò sì ní gbà á padà títí di Mọ́ńdè. Bó ṣe sinmi, ìlẹ̀kùn irin náà sinmi, òjò ọjọ́ Àìkú sì ń kún lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ńkọ́, tí fèrè Mọ́ńdè ti ń jí láti kékeré, tí mi ò bi ara mi léèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fèrè? Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, omi ń pariwo láàárín wa, ìtìjú sì mú wa bákan náà.

Ọ̀gá mi kọ́kọ́ bínú nítorí àpótí. Ó bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ó rán mi létí ìwé mi tí wọ́n máa tún ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo nọ́ńbà, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní èmi ni mo fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, èmi náà ni màá fọwọ́ sí i pé mo ṣì í. Mo fọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ tún pàdé, lẹ́yìn ìsìn bí ìṣe wọn. Ọ̀gá mi ka ìwé mi sí wọn létí, àwọn kan sì ti ń kùn pé wọ́n ti san owó ríìngì méjì, pé báwo ni omi kan ṣoṣo ṣe máa ní nọ́ńbà méjì. Ọkùnrin tó ń yí táyà náà dìde. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó dì í mọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Àìkú, níwájú gbogbo wọn. Ó sọ wákàtí tó ń ṣí ìlẹ̀kùn, ó sọ bí adágún náà ṣe jìn tó, ó sì sọ pé òun dúró tì wá lọ́jọ́ ìwọ̀n láìrántí ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó já a lẹ́nu. Wọ́n fi ríìngì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á kọ́ afárá tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò. Ó gbà wọ́n ní ọdún kan àti ààbọ̀. Ìwé tèmi náà falẹ̀ fún ọdún méjì, ọ̀gá mi kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi, mi ò sì bi í.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá alápò tí mo bá rí àyè. Tí iṣẹ́ bá gbé ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ mi, màá gbé e lọ, màá na ẹnu rẹ̀ sí omi láìnídìí, màá kàn máa wo nọ́ńbà bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ bí àyà ẹni tó sùn. Orin ṣọ́ọ̀ṣì á máa wá láti òdìkejì, ìpè ìrun á gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ á máa dún lábẹ́ àwọn méjèèjì. Nígbà míì mi ò ní mọ̀ pé oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà.

"Kí ló sọ lónìí?"

Màá sọ nọ́ńbà fún un, á wo omi, á gbà pé òótọ́ ni tàbí kó mi orí. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tó mi orí, tí mo wá rí i pé mi ò na ẹ̀rọ dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lásìkò òjò ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí. Ìyá kí ìrun àsùbáà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn ààfáà ti ń bọ̀, wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ kí ohun tí etí mi gbọ́ tó yé mi. Ọjọ́ Ajé ni. Òjò sì ti rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú di ìrọ̀lẹ́.

Mo pe ọkùnrin onítáyà náà. Mo sọ fún un ẹni tó kú, mo sọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ sí. Mo ń gbọ́ fèrè nínú fóònù lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ fèrè kan náà láti ojú fèrèsé mi. Ó ní adágún ti kún dé etí, pé òun ò lè tì í pa títí, ṣùgbọ́n òun á ṣí i ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, òun á sì dúró tì í fúnra òun.

Àwọn obìnrin wa kì í lọ sétí sàréè. Torí náà orí afárá ni mo dúró sí, afárá ẹlẹ́nu gbígbòòrò yẹn, pẹ̀lú rédà lọ́wọ́ mi. Láti ibẹ̀, mò ń rí orí àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń rì sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òórùn ọṣẹ dé, ọkùnrin onítáyà náà ò sì pè mí padà. Mo na ẹ̀rọ. Kò tó mítà kan. Wọ́n kírun sí Ìyá lára. Mo tún nà á, mítà kan. Omi fọwọ́ kan gbòǹgbò gúáfà, mo ń wò ó bóyá á gòkè sí i. Ó dúró síbẹ̀. Ó ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá lọ, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ ọmọ Ìyá jáde láti inú ihò náà ní ìgbẹ̀yìn. Mo pè é láti orí afárá, mo ní ṣé omi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó bu ilẹ̀ pupa sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ sókè kí n lè rí i, ó fún un. Ilẹ̀ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sí ẹ̀kán omi kan tó jáde nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé Ìyá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Mo na ẹ̀rọ sí omi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dúró kí nọ́ńbà jáde, mo sì kà á sókè, torí pé òun ló máa ń béèrè. Mo ní mítà kan àti díẹ̀, Ìyá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.